Láti Ẹnu Ìwo Irin Dé Orí Tábìlì Wa: Bí Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Ṣe Di Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Rà

Ní ìsinmi ọdún tó kọjá, mo gbé máìkì tuntun lọ bá ìyá ìyá mi ní Ìkìrun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì jọ èyí tí à ń rí lẹ́nu àwọn olórin nínú fídíò. Oṣù méjì ni mo fi tọ́jú owó rẹ̀ lára owó oúnjẹ. Mo ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ihò ara láptọ́ọ̀pù mi, mo gbé e ka iwájú màmá, mo ní kí wọ́n bá mi ki oríkì orílẹ̀ àwọn Ọ̀pómúléró. Wọ́n kì í fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n dé ibi tí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dé ibi tí wọ́n sunkún, wọ́n sì dárúkọ àwọn baba ńlá tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Nígbà tí mo dé iléèwé tí mo ṣí i, ariwo ṣììì ló jáde, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ohùn màmá wà lábẹ́ rẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo ní kò burú, màá padà lọ. Kí n tó padà lọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì mọ̀ mí bí mo bá wọlé, àmọ́ wọn kò lè kì mọ́.

Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí máìkì mi. Nítorí pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí nǹkan ju kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìtàn ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ jẹ́ ìtàn owó. Ẹni tó bá lágbára àtira ẹ̀rọ ló ń yan ohùn tí yóò kù lẹ́yìn olóhùn. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dín owó, ohùn àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ máa ń ráyè wọlé. Àmọ́ nǹkan kejì wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ fún wa: gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dín owó, apá kan nínú iṣẹ́ ẹnjiníà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ìgbà ìwo irin

Ní 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kó sì tún un sọ. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Emile Berliner mú ẹ̀rọ gírámafóònù tirẹ̀ jáde, èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ. Títí di nǹkan bí 1925, kò sí iná mànàmáná nínú iṣẹ́ náà. Olórin á dúró síwájú ìwo irin ńlá kan, á kọrin sínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á mi awọ fẹ́lẹ́ tó wà ní ìdí ìwo náà, abẹ́rẹ́ á sì fi ìmìtìtì náà gbẹ́ ilà sára ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá le kò ní hàn. Ẹni tó bá fi agbára lu ìlù lè mú kí abẹ́rẹ́ fò kúrò lójú ilà. Ojú kan àwo náà kì í sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ta ni nínú àwa Yorùbá ni ó lè dé iwájú irú ìwo bẹ́ẹ̀? Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ìsìn tó lé ní ogójì ní èdè Yorùbá fún iléeṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí dòní a lè gbọ́ ohùn bàbá náà. Àmọ́ ẹ ro ohun tó gbà: ọkọ̀ ojú omi láti Èkó dé Ìlú Ọba, àti iléeṣẹ́ òyìnbó tó gbà pé àwo náà á tà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn asunrárà àti àwọn onírèmọ̀jé wà káàkiri ilẹ̀ wa tí wọ́n mọ ohun tó ju ogójì orin lọ. Kò sí ìwo kankan níwájú wọn.

Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ wá bá wa. Ní 1936, Túndé King, ẹni tí ọ̀pọ̀ kà sí bàbá orin jùjú, gba orin sínú àwo fún Parlophone. Ohun tó ń tà ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Oríkì orílẹ̀ tó gba ogójì ìṣẹ́jú kò lè wọ inú àwo oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó máa rà á lọ́jà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ wà tí kò wo ọ̀rọ̀ ọjà. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí àwo lọ sí Bàhíà ní Bùràsíìlì láàárín 1940 sí 1941. Ó gba ohùn àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá, tí wọ́n sì ń kọ orin òrìṣà. Ọ̀kan lára wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo ọmọ Bàhíà tó ti kàwé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Nítorí pé ọkùnrin kan ru ẹ̀rọ wúwo gòkè odò, a ní ohùn Yorùbá ilẹ̀ Bùràsíìlì lónìí ní ilé àkójọ Yunifásítì Indiana. 

Téèpù àti kásẹ́ẹ̀tì

Àwọn ará Jámánì ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1928, Fritz Pfleumer gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan: kí a da lúbúlúbú irin sára ọ̀já fẹ́lẹ́, kí a sì fi agbára òòfà kọ ohùn sí i. Iléeṣẹ́ AEG gbé ẹ̀rọ tó ń lo ọgbọ́n náà jáde ní Berlin ní 1935. Téèpù gùn ju àwo lọ. A lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a tún un gbà, a sì lè fi abẹ́ gé e kí a so ó. Ẹni tó bá ṣì sọ kò ba ìda jẹ́ mọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ téèpù àkọ́kọ́ tóbi bí àpótí aṣọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ ti iléeṣẹ́ rédíò àti yunifásítì. Kásẹ́ẹ̀tì tí Philips gbé jáde ní 1963 ló mú un wọ àárín ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbọ́ wàásù, òun ni wọ́n fi ń gba orin kúrò nínú rédíò, òun náà ni ẹni tó wà lókè òkun fi ń ránṣẹ́ ohùn sí ilé nígbà tí kò sí fóònù. Láàárín àwọn ọdún 1970, Karin Barber jókòó ní Òkukù, ó ń gba oríkì àwọn obìnrin ìlú náà sórí téèpù, pàápàá ti Ṣàngówẹ̀mí. Ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1991, a sì ń kà á ní kíláàsì títí dòní. Kò sí iléeṣẹ́ àwo tí ìbá ránṣẹ́ pe Ṣàngówẹ̀mí wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ tó ṣeé gbé dání ló lọ bá a nílé.

Ìgbésẹ̀ mìíràn wáyé ní 1979: iléeṣẹ́ TEAC ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Portastudio, tó ń gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bruce Springsteen ra irú rẹ̀, ó jókòó nínú yàrá nílé rẹ̀ ní New Jersey, ó sì fi máìkì Shure SM57 méjì kọ orin sínú rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi kọ́ orin náà. Nígbà tí wọ́n wọ sítúdíò, èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò wú u lórí tó ti ilé. Orí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n ti mú àwo Nebraska jáde ní 1982. Ẹ kíyè sí i pé máìkì SM57 kì í ṣe ọba nínú máìkì. Láti 1965 ni wọ́n ti ń ṣe é, òṣìṣẹ́ lásán ni. Ohun tó gbé iṣẹ́ náà ni yàrá tó dákẹ́ àti ẹnu tó sún mọ́ máìkì.

Ibi tí máìkì mi ti kú

Ìdáhùn sí ọ̀ràn mi wà nínú ìtàn máìkì fúnra rẹ̀. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì fún wa. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní dynamic, ní wáyà tí a ká mọ́ra tó ń mì nítòsí òòfà. Ìmìtìtì náà fúnra rẹ̀ ló ń di iná, kò sì nílò iná láti ibòmíràn. SM57 wà lára wọn. Èyí kejì, condenser, ní pẹlẹbẹ méjì tó kọjú síra, ọ̀kan fẹ́lẹ́ tó ń mì. Ó ń gbọ́ ohun kékeré ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ a gbọ́dọ̀ fún un ní iná kó tó lè ṣiṣẹ́.

Ibo ni iná náà á gbà wá? Ní 1966, iléeṣẹ́ Neumann ti Jámánì ń ṣe máìkì fún rédíò orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Àwọn ará Nọ́wè ti ní iná fóltì 48 tẹ́lẹ̀ nínú sítúdíò wọn, èyí tí wọ́n fi ń tan gílóòbù nígbà tí iná ńlá bá lọ. Wọ́n bá ní kí máìkì náà máa lo fóltì 48 yẹn, kó máa gba inú wáyà tí ohùn ń gbà wá. Bí fóltì 48 ṣe di òfin gbogbo ayé nìyẹn: ó ti ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ wá, ohun tí àwa náà mọ̀ dáadáa.

Máìkì tí mo rà, condenser ni. Fóltì 48 ni wọ́n ṣe é fún. Ihò ara láptọ́ọ̀pù kì í fúnni ju fóltì díẹ̀ lọ. Ebi iná ló ń pa á ní gbogbo ogójì ìṣẹ́jú tí màmá fi ń kì. Láyé Ransome-Kuti, ẹnjiníà kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ irú nǹkan báyìí. Ní ayé tiwa, ẹni tó tà á kò sọ, èmi náà kò sì bi í.

Ibi tó dùn mí jù ni pé ojútùú tó pọ́n-ún-kú ti wà láti 1962. Ní ọdún yẹn, James West, adúláwọ̀ ọmọ Virginia, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs. Wọ́n rí i pé irú rọ́bà fẹ́lẹ́ kan wà tó lè pa iná mọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí irin òòfà ṣe ń pa agbára òòfà mọ́. Wọ́n fi ṣe máìkì condenser tí kò nílò iná ńlá mọ́, tó kéré, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Electret ni wọ́n ń pè é. Òun ló wọ inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, fóònù, àti máìkì kékeré tí àwọn oníròyìn ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Fóltì díẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù mi ń fúnni tó o, ó sì ṣẹ́kù. Máìkì àhámáṣọ tó kéré jù lọ lọ́jà ìbá ti gba ohùn màmá ju èyí tó ń dán yẹn lọ.

Kọ̀ǹpútà di sítúdíò

Ìyókù ìtàn náà yára. Ní 1989, Creative, iléeṣẹ́ kan ní Síngápọ̀, gbé Sound Blaster jáde, káàdì tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà kó lè fọhùn kó sì gbohùn. USB dé ní 1996. Ní ọdún 2000, Audacity jáde láti Yunifásítì Carnegie Mellon, ètò tó ń gba ohùn tó sì ń tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ náà ló sì wà títí dòní. Lẹ́yìn náà ni àwọn máìkì tó ń gba iná wọn láti inú wáyà USB fúnra rẹ̀ kún ọjà. Nǹkan tó gba ilé odidi ní 1922 ti wá wọ inú àpò ìwé.

Kí wá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà?

N kò ní dárúkọ iye owó, nítorí iye tí mo bá kọ lónìí lè má jẹ́ òótọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyí, láti orí èyí tó wọ́n kéré jù.

Bí owó kò bá sí, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú máìkì àhámáṣọ onívayà. Ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀ kí ẹ tó san owó: bí ilà dúdú mẹ́ta bá yí i ká, ti fóònù ni, bí ó bá jẹ́ méjì, ó lè má bá fóònù yín ṣiṣẹ́ láìsí ohun tí a fi ń so ó. Bí fóònù yín kò bá ní ihò, ẹ wá èyí tó ní ẹnu USB.

Bí owó díẹ̀ bá wà, tí ó sì jẹ́ pé yàrá kan náà lẹ ó ti máa lò ó, máìkì USB ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kò nílò nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà, bóyá ẹ fẹ́ máa gba orin tàbí ohùn ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ra audio interface oníhò méjì kan àti máìkì dynamic kan. Dynamic ni mo sọ, nítorí ilé wa kì í dákẹ́. Bí a ṣe ń lò ó ní ẹ̀bá ẹnu, ariwo ọ̀nà jíjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí condenser bá wù yín, ẹ rí i pé interface náà ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ 48V sí.

Láàárín èyí tó wọ́n jù àti èyí tó pọ́n-ún-kú jù nínú wọn, ohun tó ń ya iṣẹ́ rere sọ́tọ̀ kò ní owó lórí. Ẹ sún mọ́ ọn: bí ẹ bá sọ àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti máìkì di ìdajì, ohùn á lágbára ní ìlọ́po méjì, àmọ́ ariwo yàrá á dúró bó ṣe wà. Ẹ pa fáànù. Ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sinmi. Ẹ ta aṣọ sójú fèrèsé àti sára ògiri kí gbohùngbohùn lè dín kù. Ẹ gbà á ní WAV, ẹ má fi gbà á bí ìránṣẹ́ ohùn orí WhatsApp, tó ń fún ohùn pọ̀. Wákàtí kan ní ohùn ẹyọ kan, ní ìwọ̀n tí CD ń lò, kò ju nǹkan bí 318 MB lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gba ìṣẹ́jú kan, ẹ fi earpiece gbọ́ ọ kí àgbàlagbà náà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni n kò ṣe.

Ẹnì kan lè ní ohùn tó dàrú náà ṣeé fara dà, pé ọ̀rọ̀ náà ló ṣe pàtàkì. Nínú èdè mìíràn, bóyá. Nínú tiwa, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní ìyàtọ̀ mìíràn ju ohùn lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a lè fòye gbé èyí tí ẹni náà ní lọ́kàn. Inú oríkì kún fún ọ̀rọ̀ àtijọ́ àti orúkọ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ mọ́. Ibi tí a kò bá ti gbọ́ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, a kò ní nǹkan tí a lè kọ síwèé.

Ní oṣù tó kọjá, mo padà sí Ìkìrun. Mo gbé fóònù àti máìkì àhámáṣọ kan lọ bá àbúrò màmá, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Mo pa fáànù, mo ta ìró méjì sójú fèrèsé, mo gba ìṣẹ́jú kan mo sì gbọ́ ọ. Ó mọ́. Wọ́n kì í fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní alẹ́, mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn màmá, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn àbúrò wọn. Ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibì kan, wọ́n gbé ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, wọ́n mi orí: rárá. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un gbé, wọ́n tún mi orí níbẹ̀ kan náà. Àbúrò wọn ti ṣì í kì, tàbí ó fo ẹnì kan. Wọn kò sì lè sọ èyí tó jẹ́.

Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ mi, nínú ogójì ìṣẹ́jú yẹn, lábẹ́ ariwo ṣììì. Mo ti gbìyànjú gbogbo ohun tí Audacity ní, n kò tíì rí i yọ.

Ìsinmi ń bọ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ dán ẹ̀rọ yín wò lónìí, kí ẹ tó wọkọ̀.